Kéèkì Tó Wọ Bàálù Lọ Síbi Ìgbéyàwó

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka ìtàn yìí dé òpin o, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń múra àtiwọ bàálù.

1.
Obìnrin kan wà tó ń ṣe kéèkì tà. Ọwọ́ rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ di. Kò sí ìmọ̀ràn tí èèyàn máa gbà á tí kò ní sọ pé, "Mo ti mọ̀!" Ni àwọn aládùúgbò bá kúkú ń pè é ní Mo-ti-mọ̀.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin fẹ́ ṣe ìgbéyàwó ní ìlú òkèèrè. Àbúrò yìí ti fọ́nnu fún àwọn àna rẹ̀: "Ẹ má ra kéèkì kankan. Ẹ̀gbọ́n mi ń gbé tiwa bọ̀." Ẹ má gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn o.

2.
Mo-ti-mọ̀ wo tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀: bàálù á gbéra ní aago méjìlá ọ̀sán, á balẹ̀ ní aago mẹ́ta. Ó pàtẹ́wọ́.

"Wákàtí mẹ́ta péré! Bọ́tà orí kéèkì mi kì í yọ́ kí wákàtí mẹ́rin tó pé. Ilé ni màá ti ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ tán."

Ọkọ rẹ̀, tó ń jó irin, ṣí awò ojú rẹ̀ sókè. "Ìyàwó mi, aago ìlú ọ̀hún ni wọ́n kọ síbi tó máa balẹ̀ yẹn. Tá a bá pe àbúrò ẹ lọ́sàn-án, ṣebí orí bẹ́ẹ̀dì ló ti ń yán sí wa létí? Béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ta tíkẹ́ẹ̀tì bí ọ̀nà ṣe jìn tó. Àbí kó o kó èlò ẹ dání, kó o lọ yan án lọ́hùn-ún."

"Mo ti mọ̀! Ọ̀lẹ lọmọ yẹn, oorun ló ń sùn. Bàbá wọn, ẹ máa jó irin yín, ẹ fi kéèkì sílẹ̀ fún mi."

3.
Kéèkì alájà mẹ́ta wọ bàálù nínú páálí, ó jókòó sórí itan ọ̀gá rẹ̀ bí ọmọ tuntun. Wákàtí mẹ́ta pé. Mo-ti-mọ̀ ti wọ bàtà, ó ń retí kí wọ́n ní àwọn ti dé. Oúnjẹ ni wọ́n gbé wá.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé awakọ̀ wa ṣìnà ni?"

Òṣìṣẹ́ bàálù rẹ́rìn-ín. "Rárá, mà. Ó ku wákàtí méje."

"Méje kẹ̀! Aago mẹ́ta lẹ kọ!"

"Aago mẹ́ta tọ̀hún ni, mà. Tiwa á ti lu mẹ́wàá alẹ́ nígbà yẹn."

Wákàtí mẹ́rin pé. Bọ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. Àjà òkè tẹrí ba fún ti àárín, ti àárín bá kúkú jókòó sórí ti ìsàlẹ̀.

4.
Ojú àwọn àna ni àbúrò ti ṣí páálí náà. Omijé lé ròrò sí i lójú. "Ẹ̀gbọ́n mi, kéèkì rèé àbí ọṣẹ tó bọ́ sómi?"

Ìyá ọkọ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ni ẹkún bá di ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n ọ̀la ni ìgbéyàwó, kò sì sí ẹni tó lè ṣe kéèkì alájà mẹ́ta mọ́jú. Báyìí ni ìyàwó àti ọkọ rẹ̀ ṣe fi ọ̀bẹ onírìbọ́ọ̀nù gé búrẹ́dì, pẹ̀lú aṣọ funfun báláú lọ́rùn wọn. Fọ́tò rẹ̀ wà lára ògiri wọn dòní.

Mo-ti-mọ̀ ti yí padà o. Kó tó ra ẹyin báyìí, á béèrè ọjọ́ tí adìyẹ yé e.

Ẹ̀yin èèyàn mi, aago ìlú kan kì í ṣe ti ìkejì. Ẹ béèrè wákàtí tí bàálù máa lò lójú òfuurufú, ẹ má fi aago inú tíkẹ́ẹ̀tì ṣe ìṣirò àdábọwọ́. Tí ẹni tó fẹ́ràn yín bá sì ń sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.