Ẹ̀rọ Ní Télọ̀ Ló Ń Borí

Mo búra, òótọ́ ni ìtàn yìí, ẹ̀yin ọmọdé. Bí mo bá purọ́, kí n má jẹun alẹ́ òní. Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n rọra búra: èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni òótọ́, torí èmi ò lè fara da ebi.

Ní Ìkìrun, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Láwuyì. Aṣọ ló ń rán, ṣẹ́ẹ̀sì ló sì ń ta lẹ́yìn iṣẹ́, ìyẹn ayò òyìnbó tí ẹni méjì ń ta lójú ọpọ́n, tí kálukú ń wá bí yóò ṣe há ọba ẹnìkejì mọ́. Àlébù kan ló ní: bó bá ti gbọ́ pé òun ló wà níwájú, kì í gbọ́ nǹkan mìíràn mọ́.

Lọ́dún kan, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta ṣẹ́ẹ̀sì fẹ́ yan ẹni tí yóò ṣojú ìlú níbi ìdíje ní Ìbàdàn. Ó ku òun àti Fẹ̀hìntọlá, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì. Ẹni tó bá borí ni yóò dá lọ. Bí wọ́n bá ta ọ̀mì, àwọn méjèèjì ni yóò jọ lọ. Wọ́n ta á ní Sátidé, kò tán. Wọ́n ní kí wọ́n padà wá parí rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Òfin ẹgbẹ́ sì gbà pé kálukú lè fi kọ̀ǹpútà yẹ ọpọ́n náà wò nílé.

Ẹ̀yìn ń dun Láwuyì, ojú ń ro ó, síbẹ̀ ó tan kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ náà yẹ àìmọye ọ̀nà wò: bí èyí bá ta báyìí, bí ìyẹn bá fi báyìí dáhùn, títí dé ogójì ìgbésẹ̀. Níbi tó bá parí sí, á ka ọmọ tó kù lójú ọpọ́n, á sì fún un ní máàkì. Ilé-ìṣọ́ kan, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ńláńlá, ni Láwuyì fi ju Fẹ̀hìntọlá lọ, ni ẹ̀rọ bá ní ó fi márùn-ún wà níwájú. Ó dúró wákàtí kan: márùn-ún. Ó sùn nídìí rẹ̀, ó jí: márùn-ún.

Lọ́jọ́ Àìkú, Fẹ̀hìntọlá fọwọ́ lérán. "Télọ̀, ẹ jẹ́ ká ta ọ̀mì o. Ó ti rẹ èmi, ó ti rẹ ẹ̀yin náà."

"Nọ́ọ̀sì, ẹ̀rù ló ń bà yín. Ẹ̀rọ ní mo fi márùn-ún jù yín lọ."

"Láti àná? Ṣé kò tíì di mẹ́fà?"

"Márùn-ún náà ni."

"Ẹ máa bá a lọ nígbà náà. Èmi ti wọlé, mo ti tilẹ̀kùn."

Òótọ́ ló sọ. Àwọn ọmọ-ogun wọn, ìyẹn àwọn ọmọ kéékèèké, ti kọjú síra láti etí kan ọpọ́n dé èkejì, wọ́n dí ibẹ̀ pa bí ògiri. Ẹ̀rọ ka ilé-ìṣọ́ náà, kò rí i pé kò sí ibi tí yóò gbà wọlé. Láwuyì gbé e lọ sọ́tùn-ún, ó gbé e padà sósì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Òfin ṣẹ́ẹ̀sì sì ni pé bí àádọ́ta ìgbésẹ̀ bá kọjá láìpa ọmọ kankan, láìsún ọmọ-ogun kankan, ọ̀mì ni.

Nígbà tó ku ìgbésẹ̀ kan kó pé, ara Láwuyì ò gbà á mọ́. Ó fi ilé-ìṣọ́ rẹ̀ pa ọmọ-ogun kan kí ògiri lè ya. Ògiri ya lóòótọ́. Fẹ̀hìntọlá pa ilé-ìṣọ́ náà, àwọn ọmọ-ogun tirẹ̀ ló sì gba ibẹ̀ kọjá. Kò pẹ́ tí ọba Láwuyì fi há, ó sì pàdánù. Láwuyì dìde, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ kú oríire." Fẹ̀hìntọlá nìkan ló lọ sí Ìbàdàn.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ nìyí: bí ẹnikẹ́ni bá ń sọ fún yín pé ẹ wà níwájú, ẹ bi í bóyá ọ̀nà ń kúrú. Bí kò bá kúrú, tí ẹnìkejì yín sì ní kẹ́ ẹ jọ pín in, ẹ gbà.

Ibi tí mo fi kún un ni bíbọ̀ lọ́wọ́ yẹn. Láwuyì ò bọ̀ ọ́. Oṣù mẹ́ta gbáko ni kò fi kí i. Èmi ni mo bá a bọ̀ ọ́ nínú ìtàn.