Aṣọ Iṣẹ́ Méje

Mo fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ṣèlérí pé ìtàn yìí kò ní gùn ju òwú inú abẹ́rẹ́ lọ.

Òṣìṣẹ́ méje ló wà ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ náà. Àǹtí Sísọ́ọ̀sì ló gé aṣọ iṣẹ́ wọn, ìwọ̀n kan, àwọ̀ kan, bí ẹni pé ìyá kan ló bí méjèèje. Ìṣó méje wà lára ògiri fún wọn.

Lọ́jọ́ kan tí ooru mú, gbogbo wọn bọ́ aṣọ iṣẹ́ wọn kọ́ kí wọ́n tó jẹun ọ̀sán. Nígbà tí wọ́n jẹun tán, Àǹtí Sísọ́ọ̀sì wọ tirẹ̀, ó kiwọ́ bọ àpò láti mú téèpù, àkísà tí wọ́n fi ń nu áyọ́ọ̀nù ló bá ọwọ́ rẹ̀ jáde. Ó wò ó, ó dá a padà. Ìyá Áyọ́ọ̀nù, tó ń bá wọn lọ aṣọ, gbọn tirẹ̀ kó tó wọ̀ ọ́. Ìgò oògùn kan já bọ́, ó yí dé àárín ilé.

Wọ́n ti fi abẹ fá ìwé ara rẹ̀ kúrò. Kò sí lẹ́tà kan níbẹ̀.

"Yéè! Oògùn éèdì!" ni Àǹtí Sísọ́ọ̀sì ké.

"Àǹtí, kì í ṣe tèmi o."

"Olè wo ló jẹ́wọ́ rí? Ife kan náà la fi ń mumi!"

"Mo sọ ọ́!" ni télọ̀ kan wí. "Rírù tó ń rù yẹn kì í ṣe ojú lásán." Lóṣù tó kọjá, télọ̀ yìí kan náà ló ní obìnrin náà ti ń sanra jù.

"Àǹtí, ẹ gbà mí. Iṣẹ́ yìí nìkan ni mo ní. Nílé yín lọmọ mi ti kọ́ ìrìn."

"Màá fọ ilé náà."

Ọ̀gá tó ni ṣọ́ọ̀bù, aláàánú èèyàn, kò lé e. Ó ní kó lọ sinmi títí òun yóò fi ránṣẹ́ pè é. Ó ti pé ọdún méjì. Ìránṣẹ́ náà ṣì wà lọ́nà. Wọ́n fọ́ ife, wọ́n dáná sun àpótí ìjókòó rẹ̀. Áyọ́ọ̀nù nìkan ni wọ́n dá sí, torí ó wọ́n. Kí obìnrin náà tó délé lọ́jọ́ náà, ìròyìn ti ṣáájú rẹ̀. Onílé ti fi igi ti ẹrù rẹ̀ síta, kí ọwọ́ òun má baà kàn án.

Ẹ jọ̀ọ́, èyí tó kù yìí, kó má jáde lẹ́nu yín, nítorí onítìjú èèyàn ni: láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, Àǹtí Sísọ́ọ̀sì fi ìborùn bojú, ó wọ ilé ìwòsàn, ó sì bẹ nọ́ọ̀sì pé kó fún òun ní ìgò oògùn mìíràn, pé ti tẹ́lẹ̀ sọnù síbi iṣẹ́.