Ìdìbò Ìlú Velden

Ènìyàn méjì ló kù ní Velden tó lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò lórí bóyá kí ìlú náà wà tàbí kó parẹ́, òfin sì sọ pé ìdìbò náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ìkọ̀kọ̀.

Igba ènìyàn ló ń gbé ìlú náà nígbà tí rélùwéè ṣì ń wá kó àlìkámà níbẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n hú irin ojú ọ̀nà rélùwéè, wọ́n wó àká àlìkámà gíga, ilé ẹ̀kọ́ náà tì. Ó wá ku Orysia Dmytryk, opó ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, àti Torvald Eikeland, ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé. Torvald ni olórí ìlú. Òun náà ló ń tọ́jú ẹ̀rọ omi, torí kò sẹ́lòmíràn.

Torvald kì í fọ̀rọ̀ bò. "Ìyàwó, ìlú yìí ti kú. Jẹ́ ká sin ín."

"Ẹ sin ara yín ná," Orysia á fèsì. "Ibi tí ọkọ mi sùn sí, ibẹ̀ ni mo wà."

Lóṣù kejì ọdún, Orysia bá Torvald nílẹ̀ nínú yìnyín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹ̀rọ omi, ètè rẹ̀ ti dúdú. Ìrìn wákàtí kan àbọ̀ ni mọ́tò ń rìn kó tó dọ́dọ̀ dókítà.

"Mo kàn ń sinmi ni," Torvald wí.

"Marit ti tọ́jú yàrá dè yín ní Saskatoon. Ẹ lọ bá ọmọ yín."

"Ta ni yóò wá fún ọ lómi? Bí ìlú bá ṣì ń jẹ́ ìlú, omi gbọ́dọ̀ yọ."

Nígbà tí yìnyín yọ́, Orysia gun àkàbà, ó tún orúkọ ìlú kùn lára pátákó ẹ̀bá títì. Torvald di àkàbà mú, ó ń ráhùn.

"Ta ló fẹ́ kà á?"

"Ẹ̀yin. Ẹ di àkàbà mú dáadáa."

Ní ọjọ́ ìdìbò, Joanne Pruden, akọ̀wé láti ọ́fíìsì ẹkùn, gbé àpótí àti aṣọ ìkélé wá sí gbọ̀ngàn ìlú. Orysia ti yan àkàrà òyìnbó eléso. Torvald bu ẹyọ kan.

"Ṣé o ò fi májèlé sí i?"

"Ẹ dìbò tán ná."

Torvald ló kọ́kọ́ wọ ẹ̀yìn ìkélé. Ó pẹ́ níbẹ̀.

"Bàbá Marit, ṣé ìwé ìtàn lẹ ń kọ ni?" Orysia ké sí i.

Nígbà tó jáde, Orysia wọlé. Ó fàmì síbi tó fẹ́ fà á sí, ó ká ìwé náà sí mẹ́rin.

Joanne po ìwé méjèèjì pọ̀ nínú àpótí, ojú rẹ̀ le koko bí ẹni tó ń ka ìbò ẹgbẹ̀rún ènìyàn. Ó tú wọn.

"Ọ̀kan ní kí ìlú parẹ́. Ọ̀kan ní kó wà." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Mo kúkú ti mọ̀ kí n tó kúrò nílé. Nígbà tó dọ́gba, ìlú wà títí di ọdún tó ń bọ̀. Ẹ má bínú, Bàbá."

Ó gbé àpótí rẹ̀, ó lọ.

Nígbà tí a ò gbọ́ ìró mọ́tò rẹ̀ mọ́, Orysia, tó fọwọ́ ara rẹ̀ fàmì sí i pé kí ìlú parẹ́, gbójú sókè wo Torvald, ó rí i pé Torvald náà ń wo òun, kò sì sẹ́ni tó lè bi ẹnì kejì pé kí ló dé tó fi dìbò bẹ́ẹ̀.