Ilẹ̀kùn Tí Àlàájì Ghali Yọ

Ìgbéraga ni àrùn Àlàájì Ghali. Ní àdúgbò wa ní ìlú Tetouan, ní Morocco, kò sí ohun tí kò mọ̀ lójú ara rẹ̀, ìdí nìyẹn tí kì í fi í béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ilé rẹ̀ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí gbogbo wa ti ń yan búrẹ́dì. Rahma, opó kan tó ń ránṣọ, ló háyà yàrá ìsàlẹ̀ níbẹ̀, òun àti Tamou, ìyá rẹ̀ arúgbó. Wọn kì í fa wàhálà. Ṣùgbọ́n nígbà tí Anass, ọmọ Àlàájì, fẹ́ gbéyàwó, Àlàájì wá kanlẹ̀kùn gbàgbàgbà.

"Rahma, ìwọ àti ìyá ẹ, ẹ kó ẹrù yín. Ọmọ mi ló fẹ́ máa gbébí."

"Bàbá Àlàájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí òjò dá ná. Ibo ni mo fẹ́ gbé Màmá lọ?"

"Ṣé èmi ni mo ní kójò máa rọ̀ ni?"

Ní Sátidé, aládùúgbò kan mú Rahma lọ sí gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ obìnrin, níbi tí Lọ́yà Wissal ti máa ń gba ará àdúgbò nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́. Ojú ń ti Rahma. Ó rò pé olówó nìkan ló ń bá lọ́yà sọ̀rọ̀. Wissal bu tíì fún un, ó gbọ́ tẹnu rẹ̀ tán.

"Àǹtí, ẹ fọkàn balẹ̀. Òun ló nilé lóòótọ́, àmọ́ kò lè fọwọ́ ara rẹ̀ lé yín jáde. Adájọ́ nìkan ló lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ bá mi sọ fún un kóun náà wá. Òfin ò gbàgbé onílé, ọ̀fẹ́ sì ni fún òun náà."

Rahma jẹ́ iṣẹ́ náà. Níwájú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ilé tíì ni Àlàájì ti fún un lésì.

"Èmi, Ghali! Kí ọmọ àná kan máa kọ́ mi lófin ilé tí bàbá mi kọ́? Tó bá mọṣẹ́, ṣé ọ̀fẹ́ ni ì bá máa ṣe é?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì mú kí orí Àlàájì wú. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí Rahma lọ gbé aṣọ fún oníbàárà, Àlàájì mú káfíńtà wá, wọ́n yọ ilẹ̀kùn yàrá náà, wọ́n gbé e lọ. Tamou wà lórí ibùsùn. Òjò ń fẹ́ wọlé bá a.

"Ghali," arúgbó náà pè é, "mo mọ ìyá ẹ dáadáa."

Ó kẹ́yìn sí i, ó tẹ̀ lé káfíńtà lọ. Nígbà tí Rahma fi dé, gbogbo ẹní ti rin gbingbin, ìyá rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Wọ́n gbé Tamou lọ sí ọsibítù, ó sì pẹ́ kó tó kúrò níbẹ̀.

Wissal tẹ̀ lé Rahma lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Àwọn aládùúgbò jẹ́rìí. Àlàájì bá ara rẹ̀ níwájú adájọ́.

"Ta ló sọ fún yín pé ẹ lè yọ ilẹ̀kùn lára yàrá tí èèyàn ń gbé?"

"Ilé mi ni, Olúwa mi."

"Mo gbọ́. Ta lẹ bi léèrè?"

Adájọ́ mí kanlẹ̀.

"Ká ní ẹ béèrè ni, wọn ì bá sọ fún yín pé òfin gba onílé láàyè láti gba yàrá fún ọmọ rẹ̀, tó bá fún ayálégbé ní ìwé àti àkókò tó tó. Wọ́ọ́rọ́wọ́ ni yàrá yẹn ì bá bọ́ sí yín lọ́wọ́."

Ẹ̀wọ̀n ni wọ́n sọ ọ́ sí. Ìdílé ìyàwó tí Anass fẹ́ fẹ́ gbọ́, bàbá ọmọbìnrin náà sì ní òun ò ní fọmọ sílé àwọn tó ń jẹ́ kójò pa arúgbó. Anass fi ìtìjú kó lọ sí Tangier. Kò lọ wo bàbá rẹ̀ lẹ́wọ̀n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mi dé ìhín, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé wa. Pé nǹkan jẹ́ tiwa kò ní ká fi ṣe ohun tó bá wù wá. Kí aláìní má ṣe rò pé òfin ò mọ òun, kí ẹni tó ní lọ́wọ́ má sì ṣe rò pé ìtìjú ni láti béèrè. Ìmọ̀ràn tí Àlàájì Ghali kọ̀ láti gbà, òun gan-an ni ì bá fún un ní ohun tó ń wá.