Ẹkún Tí Kò Nídìí

Kí ibùsùn tó ń kọrin tó gba ọmọ lójúmọ́, Fadérera gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dán an wò. Òfin ìlú nìyẹn. Ó tẹ ìlà kan ṣoṣo sí ojú dúdú kọ̀ǹpútà. Àwọn àṣẹ tó ti tò sílẹ̀ bá jí, wọ́n ń fi ohùn ọmọdé sunkún sétí ibùsùn: ẹkún ebi, ẹkún òtútù, ẹkún oorun. Ibùsùn ń dáhùn, ó ń mì jẹ́jẹ́ bí ọkọ̀ ojú omi, àmì aláwọ̀ ewé sì ń tàn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àfi ẹkún tí kò nídìí. Ìyẹn tan pupa.

"Ọlọ́run mi o! Mo ní kó máa ki ọmọ lóríkì títí yóò fi dákẹ́," Fadérera sọ fún ìyá rẹ̀ tó pọn Àwẹ̀ró ọmọ-ọmọ rẹ̀. "Ó kọ̀, èmi ló ń pè. Bí àmì kan bá pupa, kò gbọdọ̀ gbé ọmọ, iṣẹ́ sì ń dúró dè mí."

Ìyá rẹ́rìn-ín, ó fi oríkì pè é. "Àbẹ̀ní, nígbà tí ìwọ náà ń sunkún báyẹn, ta ló kì ọ́?"

"Ẹ̀yin ni, Mà."

"Ibùsùn ló wá ṣìṣe?"

Fadérera yíjú sí kọ̀ǹpútà. Ó ṣí ìdánwò tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, ó pa ti oríkì rẹ́, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí ibùsùn pe ìyá ọmọ. Ó tún tẹ ìlà náà. Gbogbo àmì di àwọ̀ ewé, bí oko lẹ́yìn òjò.

Wọ́n tẹ́ Àwẹ̀ró sórí ibùsùn. Kò pẹ́, ó bú sẹ́kún, láìnídìí. Ibùsùn rọra pe Fadérera. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó tẹ̀ ba sórí ọmọ rẹ̀.

"Àwẹ̀ró, ọmọ a-jí-fẹ̀rín-kílé…"