Íńṣì Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n

Ọmọ télọ̀ kan, ọmọ ọdún mọ́kànlá, tẹ̀wọ̀n kílò méjìdínlọ́gọ́ta ní oṣù kìíní. Dókítà ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà, ti télọ̀ tí í ṣe ìyá rẹ̀, àti ti àbúrò ìyá rẹ̀ tí ó ń bá wọn gbé, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá sísanra náà jẹ́ àjogúnbá.

Èsì fi hàn pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló jogún un.

"Àbúrò mi náà kẹ̀?" ni télọ̀ bi dókítà. "Tí ó rí bí igi ìgbálẹ̀ yẹn?"

"Àwọn náà, mà. Ìran ló ń to igi sí ààrò, ẹnu ló ń ṣáná sí i. Ẹ máa ṣọ́ ohun tí ọmọ ń jẹ."

Ìbàdí àbúrò yìí kò kúrò ní íńṣì mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n láti ọdún mẹ́sàn-án. Télọ̀ mọ̀, torí òun ló ń rán aṣọ rẹ̀. Ti télọ̀ fúnra rẹ̀ ti di mẹ́rìnlélógójì. Inú ìkòkò kan náà ni wọ́n sì ti ń jẹun. Oníbàárà kan wo àwọn méjèèjì ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyá Télọ̀, ṣé ìyá kan náà ló bí yín ṣá? Àfi bíi pé ẹ gba ọmú lẹ́nu rẹ̀!"

Télọ̀ bá a rẹ́rìn-ín. Píìnì wà lẹ́nu rẹ̀, kò sì yọ ọ́ títí oníbàárà náà fi lọ.

Òun ló ń di oúnjẹ ọ̀sán gbogbo ilé. Láti ọ̀sẹ̀ tí èsì dé ni ó ti ń wọn ti ọmọ rẹ̀, tí ó ń kọ ọ́ sínú ìwé: ìrẹsì ife kan, ẹ̀fọ́, ẹja wẹ́rẹ́. Ọ̀sẹ̀ náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í ro bọ́tà ṣíbí mẹ́ta mọ́ ìrẹsì ti àbúrò rẹ̀, tí ó ń da òróró sí ọbẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá dé e tán, á nu etí kúlà oúnjẹ náà mọ́.

"Àǹtí mi, oúnjẹ tí ẹ ń bù yìí ti ń pọ̀ o."

"Jẹun jàre. Iṣẹ́ ilé-ìkàwé kì í ṣe iṣẹ́ kékeré."

"Ẹ ṣeun, mà."

Ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ náà ni àbúrò ti ń tọ́jú ìwé, àwọn méjèèjì ló jọ ń jáde láàárọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, kúlà wọn á padà dé ní òfìfo. Ti àbúrò ni télọ̀ máa ń kọ́kọ́ ṣí.

Ní ìparí oṣù, á mú tépù.

"Àǹtí, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀n mí lóṣù tó kọjá."

"Ara kì í dúró lójú kan. Dúró dáadáa."

Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ní oṣù kẹrin, ó sọ bọ́tà di ṣíbí márùn-ún. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.

"Ẹlẹ́dàá náà ń ṣe ojúsàájú," ni télọ̀ wí, ó ká tépù.

Ní oṣù kẹfà, ọmọ tẹ̀wọ̀n kílò mọ́kàndínláàádọ́rin. Ṣúgà ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Dókítà ní bí òun kò bá rí ìdí rẹ̀, abẹ́rẹ́ ojoojúmọ́ ló kù. Télọ̀ gbé ìwé oúnjẹ ọmọ náà kalẹ̀. Dókítà kà á títí, ó pa á dé.

"Bó bá jẹ́ èyí nìkan ló ń jẹ, mà, a jẹ́ pé ìran yín le."

"Ẹ̀jẹ̀ mi ló ń ṣe é," ni télọ̀ wí, ó bú sẹ́kún.

Àbúrò rẹ̀ tí ó bá wọn wá kúnlẹ̀ tì í.

"Àǹtí mi, ẹ má bínú. Ebi ló máa ń pa ọmọ yìí lọ́sàn-án. Èmi kì í jẹun ọ̀sán, ẹnu mi kò kan kúlà yẹn rí. Òun ló ń jẹ ẹ́ tán lójoojúmọ́."

Dókítà yíjú sí télọ̀, ó bi í pé kí ló máa ń fi sínú rẹ̀.

"Ohun kan náà tí mo ń dì fún ọmọ ni," ni ó dáhùn, ọmọ náà sì bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ ní ọjọ́ Ajé.