Bàtà Abẹ́ Gaàrí

Àkànmú ń ti ọmọlanke rẹ̀ lọ sí ẹnubodè Ìdíròkò. Ogójì bàtà tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán ló wà nínú àpò, ó sì da gaàrí lé wọn lórí, bó ti máa ń ṣe láyé àwọn aṣọ́bodè, kí wọ́n má baà gba bàtà lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ kan ní Àjàṣẹ́, ní òdìkejì ibodè, ń retí rẹ̀. Bí bàtà náà bá dé lónìí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọn yóò ti máa rà á lọ́dọọdún.

Kò sí aṣọ́bodè mọ́. Òpó ẹ̀rọ kan ṣoṣo tó ń yẹ ẹrù wò, tó sì ń sọ̀rọ̀, ló dúró níbẹ̀.

"Ẹ kú àárọ̀, bàbá," ni òpó náà wí. "Awọ Kánò, rọ́bà Gánà, òwú Parakú, Ìlaró lẹ ti rán an. Ilẹ̀ àwa aláwọ̀ dúdú ni gbogbo rẹ̀ ti wá. Ọmọ ilé ni bàtà yín, ẹ máa kó o lọ láìsan owó ibodè. Gaàrí yìí ni kò lórúkọ ẹni tó ṣe é. Kò lè kọjá."

Àkànmú tú ẹnu àpò náà.

Obìnrin Ègùn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin bàbá yìí! Ta lẹ tún ń sá fún?"

Àkànmú da gaàrí náà fún àwọn adìyẹ etí ọ̀nà. Ó wá to bàtà rẹ̀ sórí ọmọlanke níbi tí gbogbo ojú ti lè rí wọn, ó sì kọjá láì wẹ̀yìn.